Èkó Ń Wá Ọjọ́ Tí Kò Jọ Àná

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní ìdí rẹ̀ nìyí tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún, òdodo ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe akọ̀wé ní Broad Street rí. Bí babaláwo kan bá ń gbé Ìkòròdú, tí ó ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí ó ń fi òkùnkùn wá mọ́tò lọ sí Èkó, tí ó ń jókòó ti tábìlì kan náà láti ọdún dé ọdún, tí ó ń fi òǹtẹ̀ kan náà lu ìwé kan náà, tí ó sì ń padà wọlé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé ọpọ́n Ifá rẹ̀ kọ́ sí ara ògiri, nítorí odù kan ṣoṣo ni yóò máa yọ lójú ọpọ́n náà láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, ohun tí odù náà yóò sì máa wí kò ní ju pé kí ó tún sún síwájú díẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ayé rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ní ìyàwó, ó ní ọ̀gá, àwọn méjèèjì sì mọ ìwé ìròyìn í kà. Bí wọ́n bá ní kí n kì í, báyìí ni ǹ bá ṣe kì í: Akọ̀wé, ọmọ afàárọ̀-wẹ̀yìn-ọkọ̀, a-sùn-lórí-afárá-jí-lórí-afárá, ọkùnrin tí ó mọ nọ́ńbà mọ́tò tí ń bẹ níwájú rẹ̀ ju bí ó ti mọ ojú aládùúgbò rẹ̀ lọ, ẹni tí kọ̀ndọ́ bú ní òwúrọ̀ tí ó ní ó dáa, tí ọ̀gá bú ní ọ̀sán tí ó ní ó dáa, sà, tí oorun kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ èyí tí ìyàwó ń bú u ní alẹ́. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀mùtí, owó oṣù rẹ̀ kò sì kéré tó èyí tí ènìyàn lè fi sunkún ní gbangba. Àìsàn kan ṣoṣo tí ń ṣe é ni pé bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ohun tí ó ṣe ní Ọjọ́rú, kò lè sọ ọ́, nítorí ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ Ajé ni ó ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ni ó sì tún gbé dìde ní Ọjọ́rú láìfi iyọ̀ kún un.

Ayé sú u. Nígbà tí ayé sú u tán, ó gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bẹ tí ń ta oògùn ìsú-ayé ní gbọ̀ngàn ilé ìtura kan, ó sì san owó ìwọlé, ó jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú bíìrò àti ìwé lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jáde sí wọn nínú kóòtù aláwọ̀ òfuurufú, ó sọ ìtàn àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń gun òkè lálẹ́, ó wá pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n yí ojoojúmọ́ wọn padà sódì: kí ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún fọ eyín máa fi tòsì fọ̀ ọ́, kí ẹni tí ń mu tíì di ẹni tí ń mu kọfí, kí ẹni tí ń gba ọ̀nà kan lọ sí ibi iṣẹ́ wá òmíràn gbà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Èmi ti ṣe ìwádìí díẹ̀ lórí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí: gbogbo ọjọ́ Sátidé ni í sọ ọ̀rọ̀ kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà, pẹ̀lú kóòtù kan náà, ibi tí ó sì ti máa ń dánu dúró kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín kò yẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi padà sílé, ó fi ọwọ́ òsì fọ eyín, ó sì fi ìfọyín ba táì rẹ̀ jẹ́. Ó wá kọjú sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ṣebí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, afárá mẹ́ta ni ó sì ti òkè odò wọ Erékùṣù Èkó. Èyí àbíkẹ́yìn wọn, Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11, tí ó sì fìgbà kan jẹ́ ọba fún gbogbo afárá ilẹ̀ Áfíríkà, òun ni ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gba orí Afárá Èkó láti Ìjọra bọ́ sí Apọ́ngbọ̀n. Ẹ̀yìn mọ́tò ni ó rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gba orí Carter Bridge, èyí tí òyìnbó kọ́kọ́ ṣe ní 1901 tí wọ́n fi orúkọ gómìnà wọn sọ, tí àwa náà sì tún un kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yìn mọ́tò náà ni ó tún rí, àyàfi pé nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, kò rí ẹ̀yìn mọ́tò mọ́, nítorí orí àwọn alárù, ẹrù tí ń bẹ lórí wọn, agboòrùn àwọn alátẹ àti ẹnu àwọn tí ń polówó okùn sòkòtò ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó pa òwe ọ̀nà kan kò wọ ọjà kò tíì rí Ìdúmọ̀tà: níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ni ó wọ ọjà, ọjà ni ó wọ ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ẹnu iṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá kọjá, tí ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní ìwé ìfìbéèrè-wádìí, ó gbà pé ohun tí kò jọ ti àná ti ṣẹlẹ̀ sí òun lóòótọ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ìjọba kò bá wa dá sí i. Láti 1902 títí dé 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí ó ń fi èéfín ṣe ẹsẹ̀, ń gba orí Carter Bridge láti Ìdó wọ inú Èkó, àwọn baba wa tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé sì ń fi í lọ sí ibi iṣẹ́ kí òun náà tó di ohun àtijọ́. Ní àkókò àjọ̀dún FESTAC, ní nǹkan bí 1977, nígbà tí mọ́tò ti pọ̀ ju ojú ọ̀nà lọ, ìjọba pàṣẹ pé bí mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì bá jáde lónìí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín dọ́gba gbọ́dọ̀ wà nílé títí di ọ̀la. Ìjọba rò pé akọ̀wé àgbà tí mọ́tò rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde yóò jókòó sílé, yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ ta ayò, yóò mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n! Àwọn tí ọwọ́ wọ́n tẹ́nu lọ ra mọ́tò kejì, wọ́n wá nọ́ńbà tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu fún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní mọ́tò kan tẹ́lẹ̀ di ẹlẹ́mọ́tò méjì, òfin tí a ṣe kí mọ́tò lè dín kù sì sọ mọ́tò di ọ̀wààràwaara. Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún òfin yẹn gan-an ni: n kò mọ òmíràn tí ó tà fún oníṣòwò mọ́tò tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì BRT dé ní 2008, láti Máìlì Méjìlá sí CMS, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, láti Máìlì Kejì títí dé Marina, ibùdókọ̀ márùn-ún ní kìlómítà 13. Ọkọ̀ yìí kò dé ìtòsí Ìkòròdú rárá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi, tí ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Èkó, tún rìnrìn àjò wá sí Èkó kí ó lè wọ ọkọ̀ tí kò gbé e lọ sí ibì kankan tí ó ní í ṣe. Ó dé Máìlì Kejì, ó yí padà. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, báwo ni?" Ó ní omi ọ̀sà dára láti òkè, pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tutù, pé kò sí ẹni tí ó bú òun. Ojú rẹ̀ sì fà ro. Ìgbà tí mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni mo rí i pé ọkọ̀ náà yára jù fún un. Láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó ti ń sun oorun rẹ̀, kí ó sì tó rọ orí mọ́ fèrèsé, wọ́n ti ní kí ó bọ́ sílẹ̀.

Ní ti fàájì, ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbẹ̀. Ówàńbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ kí ó lè gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ ti di iṣẹ́: ọjọ́ Sátidé kan kò gbọdọ̀ lọ láìsí aṣọ ẹbí, ìrẹsì ti ọ̀sẹ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orin tí a fi ná wa lówó ní Lafíàjí ni a tún fi ná wa ní Obáléńdé, mo sì mọ àwọn obìnrin jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń fi ọjọ́ Ajé sinmi àárẹ̀ ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù kejìlá, tí àwọn ọmọ wa ń ti ìlú òyìnbó wálé láti wá ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Detty December, tí wọ́n ń to ìlà fún wákàtí mélòó kan ní ẹnu ọ̀nà ibi tí ariwo kò ti ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Mo máa ń ṣàánú àwọn akọ̀wé 1929 tẹ́lẹ̀ pé wọn kò ní irú fàájì báyìí, àfi ìgbà tí mo rántí pé ní ọdún yẹn wọ ọdún tó tẹ̀ lé e, Isaac Babalọlá Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí àwọn kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè, ó ń kú lọ, ó sì ń jẹ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹni tí ó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti máa retí, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò lè dọ́gba.

Ǹjẹ́ a kò wá rí ohun tí à ń wá ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó pa nítorí àrùn kòrónà? Afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá páropáro. Marina dákẹ́, ẹyẹ àkàlà ì bá fi gbàgede Tinúbú ṣe ibi ìsinmi bí ó bá wù ú. Akọ̀wé tí ó ti ń ké fún ìyípadà gba ìyípadà, ó gbà á ju bí ó ti béèrè lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí láìsí ibi tí ó ń lọ, ó ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì jókòó ní pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún mi pé ọkọ òun bẹ̀ òun ní ọ̀wọ̀ pé kí òun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí òun sì kígbe pé kí ó wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ní ojú ìsọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ta aṣọ kí ó tó bí i, mo bi í pé ojúmọ́ kan náà yìí kì í sú u bí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ ní oṣù tí ń parí, àwa kò ní in. Ọjọ́ tí nǹkan bá yàtọ̀ nínú ọjà yìí, bí kì í bá ṣe iná ni ó sọ, àwọn tí ń kó ọjà ẹni ni ó dé. Èmi, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kí òní rí bí àná, kí ọ̀la náà rí bí òní. Ṣé ẹ máa ra aṣọ ni, àbí ẹ fẹ́ dí mi lọ́jà?" Ẹni tí ó bá rántí iná tí ó jó ní Balógun ní oṣù kọkànlá 2019 kò ní bá a jiyàn. Èmi kò bá a jiyàn. Mo ra ọ̀pá márùn-ún.

Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n oníkóòtù kò mọ̀, tí ìyá aláṣọ sì mọ̀ láìsọ ọ́ jáde, ni pé àwọn baba ńlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí i tipẹ́tipẹ́ pé ojúmọ́ a máa sú ènìyàn, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Èkó aròmisá lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ kì í ṣe ìlú òpè. Wọn kò fi ọwọ́ òsì fọ eyín. Ẹ̀yọ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ìtàn sọ pé ọjọ́ 20 oṣù kejì 1854 ni Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà kọ́kọ́ jáde ní ìgboro Èkó, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Ọba Akítóyè tí ó ti wàjà. Láti ìgbà náà wá, bí ọba bá wàjà, tàbí bí ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn kan nínú ìlú bá papò dà, tí a sì ti gbà á ní Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba, pé ó tọ́ sí i, ọjọ́ kan yóò là tí kò ní bá ọjọ́ kankan jọ. Kò sí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà. Ó lè wáyé lọ́dún yìí. Ó lè jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ni yóò kọjá kí a tó tún gbúròó rẹ̀.

Bí ọjọ́ náà bá ń bọ̀, Adímú, àgbà Ẹ̀yọ̀, ẹni tí akẹtẹ̀ rẹ̀ dúdú, a jáde ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú láti kéde fún ará ìlú. Bí ó bá sì di ọjọ́ gan-an, òun ni yóò léwájú, tí Làbà alákẹtẹ̀ pupa, Oníkò aláwọ̀ ìyeyè, Ológèdè aláwọ̀ ewé àti Àgẹrẹ aláwọ̀ àlùkò yóò máa tẹ̀ lé e, kí ogunlọ́gọ̀ Ẹ̀yọ̀ ìgà gbogbo tó tú jáde, funfun báláú láti orí dé ilẹ̀, ìbòjú lójú, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́, tí àrópalẹ̀ wọn ń gbálẹ̀ ìgboro tí àwọn agbálẹ̀ ìjọba kò gbá mọ́ rí. Láti ẹsẹ̀ Carter Bridge títí dé Tinúbú, mọ́tò kan kò gbọdọ̀ kọjá. Ìdúmọ̀tà, tí kò sinmi fún ọba, tí kò sinmi fún sójà, á sinmi. Sìgá, èèwọ̀. Kẹ̀kẹ́ gígùn, èèwọ̀. Gèlè, èèwọ̀, irun sùkú, èèwọ̀. Bàtà ńkọ́? Bàtà ni èèwọ̀ àgbà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí bàtà rẹ̀ ti Ítálì wá yóò bọ́ ọ há abíyá, agbèrò tí okùn sálúbàtà rẹ̀ ti já yóò bọ́ tirẹ̀ náà, ọ̀dà títì Ìsàlẹ̀ Èkó yóò sì sun àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn méjèèjì bákan náà. Ẹni tí ó bá sì rò pé ipò òun ju ti ẹlòmíràn lọ, ọ̀pámbàtà yóò ràn án létí ní ibi tí kò ní lè gbàgbé.

Níhìn-ín ni mo ti yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tí ń ta oògùn ìsú-ayé. Ọjọ́ tí ènìyàn fi owó ra, tí ó fi sí àárín ọ̀sẹ̀ níbi tí ó wù ú, ọjọ́ lásán ni. Bí ó bá rà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di àṣà, bí ó bá rà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di iṣẹ́. Ọjọ́ tí ó lè já ẹ̀wọ̀n ojoojúmọ́ ni èyí tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó dé, tí ó sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ gbogbo wa pa pọ̀. Mo sì mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà yóò ṣe bí a bá fi Ẹ̀yọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù ni yóò fi í sí. Yóò pa àgọ́, yóò to àga tìmùtìmù fún àwọn tí ó san owó gọbọi, yóò so ọ̀já aláwọ̀ wúrà mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, ẹni tí ó bá sì so ọ̀já wúrà lè wọ bàtà. Ìjọba náà ti tọ́ ọ wò díẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2017, nígbà tí wọ́n fi Ẹ̀yọ̀ kún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ Èkó: ọlọ́jọ́ ìbí ni ìpínlẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe olóògbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú àwọn tí ń gba orí afárá kọjá, ìyàtọ̀ tí ó wà nínú méjèèjì kò pọ̀.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ọ̀rẹ́ mi akọ̀wé, ó sì yé e ju bí mo ti fẹ́ kí ó yé e lọ. Láti ìgbà tí ó ti mọ̀ pé Ẹ̀yọ̀ kì í jáde àfi bí ẹni ńlá kan bá papò dà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tètè bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀, tí ó ń fẹsẹ̀ gba Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá, tí ó ń kí gbogbo arúgbó tí ó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ń fi ìtara tí kò bójú mu béèrè ìlera wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá kan tí ó dé fìlà funfun. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ara ńkọ́?" Bàbá ní ara le, a dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, sà?" Bàbá ní ó ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Orúnkún tí ń dùn yín ńkọ́?" Bàbá gbé ojú sókè, ó wo táì rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó rọra fi ọ̀pá tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, àádọ́rùn-ún ọdún ni bàbá mi lò, ìyá mi sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ni ojú rẹ kò dán. Máa lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ."